Ta Ló Ni Orin Yìí? Lórí Dídá Orin Ọ̀kẹ́sítírà Mọ̀ Nínú Fíìmù

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, Ọba George Kẹfà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ síwájú maikirofóònù láti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn àti Jámánì. Akólòlò ni ọba yìí. Fíìmù The King's Speech, tí Tom Hooper darí, tó sì jáde ní ọdún 2010, gbé gbogbo ìtàn rẹ̀ ka orí ọ̀rọ̀ rédíò yẹn. Colin Firth, tó ṣe ọba, dúró nínú yàrá kékeré kan. Geoffrey Rush, tó ṣe Lionel Logue, olùkọ́ tó ń kọ́ ọba bí yóò ti máa sọ̀rọ̀, dojú kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni orin wọlé. Orin náà bá ọba rìn títí ó fi parí, ó ń ga bí ohùn rẹ̀ ti ń le sí i, ọ̀pọ̀ òǹwòran ló sì dìde lórí ìjókòó pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: orin wo nìyẹn, ta ló sì kọ ọ́?

Ojú eré ni ọ̀pọ̀ fi ń wo irú ìbéèrè yìí. Wọ́n á ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáhùn, kí kálukú sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ara iṣẹ́ lámèyítọ́ ni dídá orin mọ̀ nínú fíìmù, nítorí pé orúkọ tí a bá rí lè yí ìtumọ̀ ohun tí a wò padà, ẹni tí kò bá sì mọ olórin gan-an lè kí ẹlòmíràn kú iṣẹ́ tí kò ṣe. Nínú fíìmù tí à ń sọ yìí, Alexandre Desplat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orin. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ BAFTA lórí rẹ̀, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó du Oscar. Ṣùgbọ́n orin tó gbé ọ̀rọ̀ ọba ró kì í ṣe tirẹ̀. Ludwig van Beethoven ló kọ ọ́, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ẹni tó ti kú láti ọdún 1827.

Apá kejì nínú Símfónì Keje Beethoven ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Allegretto. Ìlú Vienna ni wọ́n ti kọ́kọ́ lù ú fún gbogbo ènìyàn, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1813, níbi ètò orin tí wọ́n fi kówó jọ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní ogun Hanau. Beethoven fúnra rẹ̀ ló dúró síwájú ọ̀kẹ́sítírà lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ti ń di lọ. Apá kejì yìí wọ àwọn èrò lára débi pé wọ́n ní kí wọ́n tún un lù. Ẹni tó bá mọ èyí yóò rí i pé orin ọmọ Jámánì ló ń gbé ọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀ bó ti ń kéde ogun pẹ̀lú Jámánì. Yóò rí i pé orin tí wọ́n kọ́kọ́ lù nítorí àwọn tí ogun kan ṣe lọ́ṣẹ́ ló ń bá ìkéde ogun mìíràn rìn, àti pé ọkùnrin tí etí rẹ̀ ń di ló ń ran ọkùnrin tí ahọ́n ń dà láàmú lọ́wọ́. Bóyá àwọn tó ṣe fíìmù náà rò ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, n kò lè búra. Lámèyítọ́ kò sì ní láti dúró de ìjẹ́wọ́ wọn. Ohun tó bá ti wà nínú iṣẹ́ ti wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fetí sí orin náà dáadáa. Àwọn fèrè onírúurú ló kọ́kọ́ fọn ohùn kan tó ki, tó bú jáde lẹ́ẹ̀kan, tó wá rọra ń kú lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ohun èlò olókùn tó ń ké nísàlẹ̀, fíólà, sẹ́lò àti báàsì ńlá, bẹ̀rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí a bá fẹ́ fi ẹnu lù ú, báyìí ni yóò lọ: gòòn, go-go, gòòn, gòòn. Gígùn kan, kúkúrú méjì, gígùn méjì. Ohùn kan náà ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò ròkè, kò sọ̀kalẹ̀, ìrìn yẹn nìkan ló ń lọ. Nígbà tí ẹsẹ kìíní parí, fáyólìnì kejì gba ìrìn náà, fíólà àti sẹ́lò sì bọ́ sídìí orin mìíràn tó gùn, tó ń ro bí ẹkún, lábẹ́ rẹ̀. Fáyólìnì kìíní tún gbà á lọ́wọ́ fáyólìnì kejì. Ìgbà tó yá, gbogbo ọ̀kẹ́sítírà ti wọ̀ ọ́, ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti di ariwo ńlá, síbẹ̀ ìrìn kan náà ni: gòòn, go-go, gòòn, gòòn.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí fíìmù náà fi í ṣe. Ọba sọ gbólóhùn kan, ó dákẹ́, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun. Orin kò dúró dè é, kò sì sáré kọjá rẹ̀. Ó ń tẹ̀ síwájú ní ìwọ̀n kan náà. Ìdákẹ́jẹ́ tí ìbá jẹ́ ìtìjú fún un wá di apá kan nínú orin, bí ìgbà tí olórin sinmi kó tó gbé ẹsẹ tó kàn. Logue ń fi ọwọ́ àti ojú darí rẹ̀ láti òdìkejì maikirofóònù, iṣẹ́ adarí ọ̀kẹ́sítírà gan-an ló ń ṣe, ó kàn jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń darí ni. Bí àwòrán ti ń kúrò ní yàrá náà lọ bá àwọn tó ń gbọ́ rédíò ní ilé wọn àti níta gbangba, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò ń pọ̀ sí i. Orin tí Beethoven tò láti inú díẹ̀ dé inú púpọ̀ ni wọ́n fi tò ọ̀rọ̀ ọba láti inú yàrá kan dé ayé gbogbo. Nítèmi, kò sí ibi tó dára tó èyí nínú fíìmù náà, àwọn òṣèré kọ́ ni mo sì gbé oyè yẹn fún.

Ta wá ni kí a gbé e fún? Tariq Anwar, olóòtú fíìmù náà, ẹni tó gé àwòrán tó sì tò ó, ló fi Beethoven síbẹ̀. Nígbà tí Desplat dé láti wá kọ orin fún fíìmù, orin yẹn ló bá nílẹ̀, dípò kó sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ó gbè é lẹ́yìn. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí, torí kò wọ́pọ̀ kí olórin fọwọ́ sí i pé kí orin ẹlòmíràn gba ibi tó ga jù nínú iṣẹ́ tí orúkọ òun wà lórí rẹ̀. Hooper, olùdarí, ṣàlàyé pé bí orin náà ti jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ló mú kí ọ̀rọ̀ ọba kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnìkan, tó di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwo orin fíìmù náà. Speaking Unto Nations ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sára orin yìí, orúkọ Beethoven wá tẹ̀lé e nínú àkámọ́. Ẹni tó bá rántí orúkọ àkọ́kọ́ tó sì gbàgbé àkámọ́ yóò máa wá orin kan tí kò sí láyé kiri. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, Beethoven tún padà wá, apá kejì nínú kọnsẹ́tò dùùrù karùn-ún tí wọ́n ń pè ní Emperor. Àwọn olókùn ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, wọ́n sì lù ú fún ìgbà díẹ̀ kí dùùrù tó wọlé. Etí tó bá kánjú yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní símfónì.

Ohun tí Anwar ṣe kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ fíìmù. Kí olórin tó kọ ohunkóhun, olóòtú nílò orin tí yóò máa fi gé àwòrán, nítorí náà yóò mú orin tó ti wà nílẹ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀. Orin adelé ni. Ìwé àdéhùn ní ọjọ́ ìpinnu ni adelé yóò kúrò lórí ìtẹ́, kí ọba gan-an gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùdarí ti gbọ́ adelé yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ti mọ́ ọn lára, ohunkóhun tí olórin tuntun bá gbé wá lẹ́yìn ìyẹn á máa dún bí àjèjì sí i létí. Nígbà mìíràn, adelé a jókòó pátápátá.

Alex North ni ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí jù lọ. Stanley Kubrick gbé iṣẹ́ orin fíìmù 2001: A Space Odyssey fún un. Ó kọ ọ́, wọ́n gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní ọdún 1968, North lọ wò ó ní New York, ibẹ̀ ló ti rí i pé kò sí ẹyọ ohùn kan nínú ohun tó kọ tó wà nínú rẹ̀. Orin adelé Kubrick ló wà níbẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àwo orin North kò jáde títí di ọdún 1993, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jerry Goldsmith darí ọ̀kẹ́sítírà láti gbà á sílẹ̀. North ti kú ní ọdún 1991. Ó dùn mí fún un, síbẹ̀ n kò lè parọ́: Kubrick yàn dáadáa.

Fíìmù 2001 yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù fún ẹni tó fẹ́ mọ bí a ti ń dá orin mọ̀, nítorí pé oríṣiríṣi ọ̀nà láti ṣìnà ló wà nínú rẹ̀. Strauss méjì ló wà níbẹ̀. Richard Strauss, ọmọ Munich, ló kọ Also sprach Zarathustra ní ọdún 1896, òun ni fèrè ńlá àti ìlù ńlá tó ṣí fíìmù náà. Johann Strauss, ọmọ Vienna, ló kọ orin ijó Blue Danube tí ọkọ̀ òfurufú fi ń rìn nínú sánmọ̀. Àwọn méjèèjì kò bára tan rárá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń pa wọ́n pọ̀ di ẹnìkan. Orin tó bá ọkùnrin tó ń sáré yípo nínú ọkọ̀ Discovery rìn, èyí tó ń dárò bí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà, inú ijó Gayane tí Aram Khachaturian kọ ni wọ́n ti mú un. György Ligeti ló ni àwọn ohùn tó ń dẹ́rù bani, iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ni Kubrick mú, Ligeti sì pe ẹjọ́ lórí bí wọ́n ti yí Aventures, ọ̀kan nínú wọn, padà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó le jù lọ ṣì wà níwájú. Ká ní o ti mọ̀ pé Also sprach Zarathustra ni. O lọ ra àwo orin fíìmù náà, o fi sí orí ẹ̀rọ, ohun tó dún kì í ṣe ohun tí o gbọ́ ní ilé sinimá. Etí rẹ kò tàn ọ́ jẹ. Àgbàsílẹ̀ tí Herbert von Karajan darí pẹ̀lú Vienna Philharmonic fún ilé iṣẹ́ Decca ló wà nínú fíìmù, Decca kò sì fẹ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn tó lù ú. Nígbà tí àkókò àwo tó, Karl Böhm pẹ̀lú Berlin Philharmonic ni wọ́n fi sí i. Iṣẹ́ kan náà, ẹni kan náà ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó lù ú yàtọ̀, ìyára rẹ̀ yàtọ̀, bí ohùn ti ń kú lọ nínú gbọ̀ngàn yàtọ̀. Orúkọ iṣẹ́ nìkan kò tíì tó láti sọ pé a ti dá orin mọ̀. Ẹni tó lù ú, àti àgbàsílẹ̀ èwo ni, jẹ́ ara ìdáhùn, nítorí pé àgbàsílẹ̀ yẹn ni òǹwòran gbọ́, òun ló mì ín lọ́kàn.

Ibí yìí ni ọgbọ́n ẹ̀rọ ti wúlò, ibẹ̀ náà ló sì ti pin. Shazam bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2002. Nígbà náà nọ́ńbà 2580 ni ènìyàn ń pè, yóò na fóònù sí ibi tí orin ti ń dún, orúkọ orin yóò sì dé gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Apple ra ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2018. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe ni pé ó ń wá àwọn ibi tí ohùn ti lágbára jù, ó ń wọn bí wọ́n ti jìnnà síra ní gíga àti ní àkókò, ó ń fi ìyẹn ṣe àmì ìdánimọ̀, ó sì ń wá àmì kan náà nínú ilé ìṣúra rẹ̀. Nítorí náà, àgbàsílẹ̀ ló mọ̀, kò mọ iṣẹ́. Bí ọ̀kẹ́sítírà kan bá lu Beethoven fún fíìmù, tí wọn kò sì gbé e jáde ní àwo, ẹ̀rọ kò ní í rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ àgbàsílẹ̀ orin náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohùn òṣèré tún wà lórí orin, ìlẹ̀kùn ń pa gbàmù, ìbọn ń dún. Ní ọdún 2020 Google mú ọ̀nà mìíràn wá: ènìyàn lè fi ẹnu kùn orin fún fóònù, kó sì dá a lóhùn. Ó dára fún ohun tó ní orin lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹnu kùn Atmosphères ti Ligeti, níbi tí ọ̀pọ̀ ohun èlò ti jọ ń dún pọ̀ bí ìkuukù, láìsí orin kankan tí etí lè dì mú?

Kí ẹ̀rọ tó dé, ìwé wà. Harold Barlow àti Sam Morgenstern gbé ìwé atúmọ̀ àwọn kókó orin jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1948, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kókó orin ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá lè fi lẹ́tà kọ ohùn díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú orin kan, tí o gbé e sórí gbèdéke ohùn C, o lè wá a bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ọ̀rọ̀. Denys Parsons, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá mú un rọrùn ní ọdún 1975. Ó ní kí a má ṣe wá orúkọ ohùn rárá. Ṣé ohùn tó tẹ̀lé e ròkè? Kọ U. Ṣé ó sọ̀kalẹ̀? Kọ D. Ṣé ibì kan náà ló wà? Kọ R. Ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ tó láti ya orin kan sọ́tọ̀ láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ẹni tó dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń lu dùndún kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí. Bí ìyáàlù bá ki ènìyàn, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ló ń sọ ọ̀rọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni náà mọ ohun mìíràn tí Parsons fi sílẹ̀: bí onílù bá gbé ohùn tó tọ́ sílẹ̀ ní àsìkò tí kò tọ́, ọ̀rọ̀ á dàrú. Allegretto Beethoven ni ẹ̀rí. Ohùn kan náà ló ń tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, R, R, R, R ni Parsons yóò máa kọ, ó sì lè jẹ́ orin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ lórí ojú kan. Gòòn, go-go, gòòn, gòòn ló fi í hàn. Gígùn àti kúkúrú ló ni orúkọ rẹ̀, gíga àti ìsàlẹ̀ kọ́. Nítorí náà mo gbàgbọ́ pé etí tí ìlù tọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, bí kò tilẹ̀ tíì wọ gbọ̀ngàn ọ̀kẹ́sítírà rí.

Ohun kan tún wà tí etí lè fi mọ orin tí wọ́n yá. Orin tí wọ́n kọ nítorí fíìmù máa ń tẹ̀lé àwòrán. Òṣèré yíjú padà, orin yí. Ìlẹ̀kùn ṣí, orin ṣí. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, orin relẹ̀ fún un. Orin tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò mọ òṣèré kankan. Ó ní ìparí tirẹ̀ tó ń lọ bá, àwòrán ló gbọ́dọ̀ bá a mu, tàbí kí olóòtú fi ọ̀bẹ sí i. Bí o bá gbọ́ orin tó ń dàgbà láti inú ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú àwòrán sí, fura. Bí o bá gbọ́ ọ tí wọ́n dá a dúró lójijì ní àárín ọ̀nà, fura jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe òfin tí kò ní àlébù, àwọn olórin fíìmù kan wà tí wọ́n lè kọ orin tó dá dúró, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ fún mi ju ẹ̀rọ lọ.

Àmì yìí kò wá yọ wá lọ́wọ́ àwọn tó ń tún orin ṣe. Orin tó ń tẹ̀lé Barry Lyndon, fíìmù Kubrick ọdún 1975, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, Sarabande ti Handel ni, dùùrù olókùn tí wọ́n ń pè ní harpsichord ni Handel sì kọ ọ́ fún, kò kọ ọ́ fún ọ̀kẹ́sítírà rárá. Leonard Rosenman ló pín in fún àwọn olókùn àti ìlù, ó sì gba Oscar lórí iṣẹ́ àtúntò tó ṣe sí fíìmù náà. Ẹni tó bá dáhùn pé "Handel ni" ti sọ ìdajì. Ìlù tó ń lù bọ̀, tó ń dún bí ìgbésẹ̀ ẹni tí ìyà ń bọ̀ wá bá, Rosenman ló ni ín. Ní ti àwọn tó ń fara wé ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ wọn kò gbà wá ní àkókò púpọ̀: James Horner, nínú Aliens ní ọdún 1986, súnmọ́ orin Khachaturian tí Kubrick lò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi rẹ́rìn-ín. Àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ Gustav Holst pe Hans Zimmer lẹ́jọ́ ní ọdún 2006 nítorí orin ogun nínú Gladiator tó jọ Mars tí Holst kọ. Níbi méjèèjì, ẹni tó dá orin mọ̀ yóò sọ orúkọ méjì.

Ohun tó tún ṣòro ni pé orin kan lè ti ní ìtàn nínú fíìmù mìíràn kó tó dé èyí tí à ń wò. Allegretto yìí wà nínú Zardoz ti ọdún 1974, ó wà nínú Irréversible ti ọdún 2002, ó wà nínú Knowing ti ọdún 2009. Ẹni tó wo Knowing, níbi tí ayé ti ń pa rẹ́, ní ọdún kan ṣáájú The King's Speech, gbé ẹ̀rù ìparun ayé wọ inú yàrá ọba. Bẹ́ẹ̀ ni olóòtú kò ní í mọ̀ pé irú òǹwòran yìí jókòó síbẹ̀. Mi ò rí èyí bí àbùkù. Orin tó bá ti dàgbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún méjì kò lè wọ ilé ẹnikẹ́ni láìgbé ẹrù dání. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti tú ẹrù náà wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá níbí ju bí a ti rò lọ. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní ọdún 1905, ni olùdámọ̀ràn lórí orin fún Colonial Film Unit ní London nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso. Ní ọdún 1944 ó kọ African Suite fún ọ̀kẹ́sítírà olókùn. Akinla ni orúkọ apá tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Clyde Gilmour, oníròyìn rédíò ní Kánádà, fi Akinla ṣe orin ìdánimọ̀ ètò rẹ̀ lórí CBC, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956 tí kò sì parí títí di ọdún 1997. Àìmọye ènìyàn lókè òkun ló mọ orin yẹn bí wọ́n ti mọ ohùn ìyá wọn, mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́? Mélòó ni nínú àwa gan-an tí a ti gbọ́ ọ rí?

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò wa, orin ọ̀kẹ́sítírà máa ń dún nígbà tí ìyá bá ń sunkún tàbí tí ọlọ́pàá bá ń lé olè, tí ìparí fíìmù bá sì dé, a ó rí orúkọ ẹni tó se oúnjẹ, a ò ní í rí orúkọ ẹni tó ni orin. Àwọn kan yá a láìtọrọ, àwọn kan rà á láti ilé ìtajà orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan tilẹ̀ ní kí ọmọ ilẹ̀ wa kọ ọ́ fún wọn, gbogbo rẹ̀ sì di ọ̀kan náà lójú òǹwòran nítorí pé kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ tó ń sọ orin wo ló wà ní ìṣẹ́jú wo, ta ló kọ ọ́, ta ló lù ú, òun ni àwọn àjọ tó ń gba owó fún olórin fi ń mọ ẹni tí owó tọ́ sí. Ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù, ẹ bá wa kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ti ẹni tó tún un tò àti ti àwọn tó lù ú, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ lójú àwòrán ní ìwọ̀n tí ojú lè kà.